Kí ló dé tí íntánẹ́ẹ̀tì fi tètè kárí àwọn orílẹ̀-èdè olówó, tó sì ń falẹ̀ ní ti tálákà?

Nínú èèyàn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó lọ́wọ́, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, wọn ò pé mẹ́ta. Ìṣirò ọdún 2024 tí ITU, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbé jáde nìyẹn: ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí owó wà, ìdá 27 níbi tí kò sí. Ní gbogbo ayé lọ́dún yẹn, bílíọ̀nù 5.5 èèyàn ló ń lò ó, bílíọ̀nù 2.6 ni kò sì tíì bá wọn débẹ̀.

Wáyà ló kọ́kọ́ dá ìyàtọ̀ sílẹ̀

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé aráàlú ní nǹkan bí ọdún 1995, wáyà tẹlifóònù ilé ló ń gbà wọlé. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tàbí Jámánì ti ní wáyà yẹn lára ògiri tipẹ́, kọ̀ǹpútà àti módẹ́mù ló kù kó rà. Ní Nàìjíríà, èèyàn ńlá ni ẹni tó ní tẹlifóònù NITEL nílé. Títí tí GSM fi dé lọ́dún 2001, gbogbo láìnì tẹlifóònù tó wà nílẹ̀ yìí ò tó mílíọ̀nù kan. Àwọn tó kù ń sanwó wákàtí ní sábàkafé, àwọn mìíràn a sì máa sùn síbẹ̀ nítorí pé owó òru dínwó.

Fóònù alágbèéká ló yí ọ̀rọ̀ padà. Òpó kan ṣoṣo lè fún odindi ìlú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìgbẹ́ kòtò wáyà dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Áfíríkà fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì lónìí tí wọn ò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí.

Àmọ́ òpó náà ò dá dúró o. Níbi tí iná ọba ò ti sí, dísù ló ń gbé e. Dátà fúnra rẹ̀ sì ń gba inú wáyà abẹ́ òkun wọlé, irú èyí tí MainOne gbé dé Èkó lọ́dún 2010. Orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun, bíi Niger àti Chad, ní láti gba ilẹ̀ aládùúgbò kọjá, ọ̀fẹ́ kọ́ sì ni. Nígbà tí wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Nàìjíríà àti Ghana náà fara gbá a, tó fi dé orí ìṣòwò báńkì.

Owó dátà ńkọ́?

Ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀ jù nìyí. Àfojúsùn tí ìgbìmọ̀ Broadband Commission gbé kalẹ̀ ni pé kí owó dátà tó kéré jù lóṣù má ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún èèyàn kan lọ. Tí wọ́n bá fi wọn owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Nàìjíríà, 70,000 náírà, ìdá 2 rẹ̀ jẹ́ 1,400 náírà. Oníkálukú ló mọ iye gígì tó ń rà, pàápàá lẹ́yìn tí àjọ NCC fọwọ́ sí àfikún owó tó tó ìdá 50 ní oṣù Kíní ọdún 2025.

Owó nìkan kọ́ ṣá. Estonia ò lówó lọ́wọ́ nígbà tó kúrò lábẹ́ Soviet Union lọ́dún 1991, síbẹ̀ ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1996. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san owó orí, wọ́n tún ń dìbò níbẹ̀.

Nínú bílíọ̀nù 2.6 tó ṣẹ́kù lágbàáyé lọ́dún 2024, bílíọ̀nù 1.8 ló ń gbé ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé àdúgbò wọn. Fóònù tó lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì, iná tí wọn yóò fi ṣáájì rẹ̀, àti ohun kíkà ní èdè tí wọ́n gbọ́ ni kò sí.