Ibi Tí Ọwọ́ Kò Dé: Títún Ara Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde

Nínú gbogbo iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì-bítà, títún ibi tó tẹ̀ ṣe níbi tí ọwọ́ kò dé ló máa ń mú ọ̀gá ronú jù. Ibi tí ọwọ́ dé rọrùn: wọ́n á gbé dọ́lì, irin wúwo tí wọ́n fi ń ṣe ìtìlẹ̀yìn, sí ẹ̀yìn páànù, òòlù á máa sọ níwájú, irin á padà sípò. Ṣùgbọ́n lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, igun ẹ̀yìn ilé awakọ̀, òpó tí ilẹ̀kùn rọ̀ mọ́, àti ògiri ibi ẹrù tó bá jẹ́ páànù méjì tí wọ́n jó pọ̀, gbogbo wọn ló dí pa lẹ́yìn.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, ti Ẹ̀pẹ́ wà ní gúúsù, ti Ìbàdàn wà ní àríwá. Ìlú oníṣòwò ni, ẹrù kì í dúró níbẹ̀. Píjò 404 jáde ní Faransé lọ́dún 1960, 504 tẹ̀lé e lọ́dún 1968. Nígbà tí iléeṣẹ́ Píjò ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lọ́dún 1975, Píjò di ọkọ̀ tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Nàìjíríà. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé gaàrí lọ sọ́jà, ó sì gbé pákó wá láti ìhà igbó Ọmọ ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú. Pákó máa ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀: bí awakọ̀ bá fi eré yí kọ́nà, pákó á yọ̀, á kan ògiri láti inú, ibẹ̀ á sì yọ gọ́ńgọ́ síta. Ẹni tó bá rò pé gbogbo ibi tó bàjẹ́ ló wọnú á máa fa ohun tó yẹ kó tì.

Kí òòlù tó dún, ojú àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá á da omi sára páànù kó lè máa dán, á bẹ̀rẹ̀, á wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, á fi àtẹ́lẹwọ́ rá a láti ibi tó dáa bọ̀ sí ibi tó bàjẹ́. Bí irin ṣe tẹ̀ wọlé ni yóò ṣe tú jáde, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú: etí tó tẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú, àárín tó kọ́kọ́ gba ìkọlù ni yóò gbẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sáré lu àárín á na irin náà. Irin tó bá ti nà, bí o tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, pọ́ọ̀, ó ti yọ lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n wá ihò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ojú iná ẹ̀yìn, ihò tí omi ń gbà ṣàn, ẹ̀yìn awọ ilẹ̀kùn. Wọ́n á ki irin gígùn tí wọ́n tẹ lẹ́nu bọ̀ ọ́, wọ́n á fi igi ṣe ìtìlẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì máa tì í díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ihò, ńṣe ni wọ́n máa fà á láti iwájú. Láyé àtijọ́, wọ́n á lu ihò kéékèèké, wọ́n á fi ìṣó onídè há a, wọ́n á sì fà á. Ihò wọ̀nyẹn ni ìpẹtà ń gbà wọlé, nítorí náà ó sàn kí wọ́n jó irin ṣóńṣó mọ́ ojú páànù, kí wọ́n fi òòlù tó ń yọ̀ lórí ọ̀pá fà á, kí wọ́n sì gé e kúrò lẹ́yìn náà. Bí méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́, wẹ́dà á gé fèrèsé sí páànù inú tí ẹnikẹ́ni kì í rí, wọ́n á lu ìta láti ibẹ̀, wọ́n á sì jó fèrèsé náà padà. Lójú tèmi, fún ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ tọ́jú fún ọmọ, ó sàn kí ojú àpá wà nínú ju kó wà níta lọ.

Irin tó ti nà ń fẹ́ iná: wọ́n á mú un gbóná ní ojú kékeré kan, wọ́n á fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, á sì súnkì. Kí wọ́n tó tan iná kábáìdì, wọ́n gbọ́dọ̀ tú táńkì epo kúrò, kí wọ́n sì yọ orí bátìrì.

Pọ́tì ló kù. Kí ó tó dé láàárín ọdún 1950 sí 1960, òjé yíyọ́ ni wọ́n fi ń dí ojú irin ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Iṣẹ́ pọ́tì ni kó dí ojú wẹ́wẹ́ tí òòlù ṣẹ́kù, kò yẹ kó nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí ilẹ̀kùn 404 tí wọ́n rọ pọ́tì kún bí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri. Òjò Ìjẹ̀bú á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìpẹtà á jẹ irin lábẹ́, pọ́tì á sì jábọ́ lódindi. Olùrà tó gbọ́n ń mú òòfà inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè àtijọ́ dání: ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá kun ọkọ̀ tán, iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan ṣẹ́kù. Wọ́n á da ọ̀dà tàbí gírísì sínú ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí iná wẹ́dà ti jó ọ̀dà àtijọ́ dànù, wọ́n á sì fi wáyà gún ihò omi kó lè là.