Kí Ni A Ń Mú Bọ̀ Wálé? Ìtàn Mohammed Shitta Bey

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n kí ni a ń mú bọ̀ wálé?

Òwò ẹrú ló gbé àwọn òbí Mohammed Shitta kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Ìlú Waterloo ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1824. Ní 1844, wọ́n padà wá sí Àgbádárìgì. Nígbà tó yá, ó di ará Èkó. Ó ṣòwò, Ọlọ́hun sì bùkún un.

Mọ́sáláṣí ló fi ọrọ̀ náà kọ́. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ìran wọn ti Brazil padà dé, ló kọ́ ọ. Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i. Sultan Abdul Hamid Kejì ti Tọ́kì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ní 1895, ó jáde láyé. Títí dòní ni a ń kírun níbẹ̀.

Lónìí, a ń rí ilé ńlá àwọn ará ìdálẹ̀ tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àbọ̀ wa ṣe ìlú láǹfààní. Àmín.