Ẹniọlá Kì í Ṣe Ẹni Ìkẹyìn

Ẹ kọ Adé, Yétúndé àti Ẹniọlá sínú fáìlì kan lórí Linux, kí ẹ wá fi àṣẹ sort tò wọ́n. Bí ètò èdè ẹ̀rọ náà bá wà ní LANG=C, Ẹniọlá ló máa gbẹ̀yìn, lẹ́yìn Yétúndé. Kí ló ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1875, ìjọ Áńgílíkà ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ASCII jáde lọ́dún 1963, àyè 128 péré ló ní. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ráyè, Ẹ, Ọ àti Ṣ tiwa ò ráyè. Lọ́dún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, àyè sì gba gbogbo wa. Àmọ́ LANG=C ò mọ ábídí ẹnikẹ́ni; nọ́ńbà lẹ́tà ló ń wò, nọ́ńbà Ẹ sì pọ̀ ju ti Y lọ fíìfíì.

Bí yo_NG bá ti wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ èyí:

LANG=yo_NG sort oruko.txt

"yo" ni èdè, "NG" ni orílẹ̀-èdè. Ẹniọlá á bọ́ sí àárín Adé àti Yétúndé. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣètò LC_ALL tẹ́lẹ̀, torí ó lágbára ju LANG lọ.

Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ẹ̀rọ ṣì máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kò tíì sẹ́ni tó túmọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó kù fún wa nìyẹn.