Ọkọ̀ Ẹlẹ́wù Irin àti Ìpadàbọ̀ Àwọn Ọmọ Kétu

Ará Idigny tí ó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ojú òkun ni a fẹ́ bá òun sọ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí orí ilẹ̀ gíga Kétu ni wọ́n tẹ̀ dó sí, níbi tí ó jẹ́ pé ọgbọ́n ni à ń dá kí a tó rí omi mu lọ́gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ogun irin tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jà lókèèrè kò sì ṣàì nawọ́ kan Kétu, ọmọ Alákétu.

Pákó ni gbogbo ọkọ̀ ogun tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1853, ní Sinop létí Òkun Dúdú, àwọn ará Rọ́ṣíà fi ọta àgbá tí ń bú gbàmù lẹ́yìn tí ó bá ti wọnú igi dáná sun ọ̀wọ́ ọkọ̀ Tọ́kì láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ọba Yúróòpù sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé pósí lásán ni ọkọ̀ pákó ti dà. Faransé gbé Gloire sómi ní 1859, pákó nínú, irin tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12 níta. Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pẹ̀lú Warrior ní 1860. Ní Amẹ́ríkà, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1862, ọkọ̀ Virginia ẹlẹ́wù irin fi orí gún Cumberland onípákó níhà títí ó fi rì, ó sì sọ ọkọ̀ Congress di eérú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Monitor, tí ilé irin roboto kan ń yí lórí rẹ̀ pẹ̀lú àgbá méjì nínú, jáde pàdé rẹ̀, wọ́n sì yìn lu ara wọn fún bí wákàtí mẹ́rin, ọta ń ta dànù lára irin, láìsí èyí tí ó rì.

Irú àwọn ọkọ̀ ràbàtà bẹ́ẹ̀ kò lè wọ odò wa, wọn ìbá ti gúnlẹ̀. Àwọn àbúrò wọn ni ó wá, àwọn kéékèèké onírin tí ìsàlẹ̀ wọn pẹlẹbẹ, tí ooru omi ń tì, tí àgbá tí ń yìn léraléra sì wà lórí wọn.

Ní 1886 ogun Glèlè, ọba Dàhọ̀mì, tú Kétu ká, ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, ilé sì di igbó. Ẹni tí a kò lè mú, Ọlọ́run ni à ń fà á lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1892, àwọn ọmọ ogun Gbẹ̀háǹzìn, tí ó jọba Dàhọ̀mì lẹ́yìn Glèlè, yìnbọn lu Topaze, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà, lórí Odò Wémè, Victor Ballot, olórí àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́, sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń wá ìjà ti rí ìjà. Faransé rán Alfred Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì gba etí odò lọ sókè, tí àwọn ọkọ̀ irin ń gbé oúnjẹ àti ọta tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ó gbọgbẹ́ padà. Nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì yọ sí ibùdó rẹ̀ ní Dogba ní ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ Opale ń fi àgbá gbè é láti ojú omi. Kì í ṣe ìgboyà ni Dàhọ̀mì ṣaláìní, tọkùnrin tobìnrin wọn. Wọ́n sì ní ìbọn Winchester àti àgbá Krupp pẹ̀lú. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tí yóò dí odò. Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá.

Báyìí ni àwọn ẹrú Kétu ṣe bọ́, tí wọ́n sì tún ìlú wọn tẹ̀ dó ní 1893, Onyegen sì di Alákétu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n padà sí kì í ṣe odidi mọ́: láti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jókòó ní Paris pín in, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Idigny bọ́ sọ́wọ́ Faransé.