Ilẹ̀ Tí Wọ́n Pín Nítorí Oorun

Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ ní aago méjì òru ní Ìkẹjà GRA, tó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún títí àkùkọ fi kọ, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fura sí. Yóò ní ọjọ́ orí ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ọwọ́ ayé. Ilẹ̀ tó sùn sí ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni oorun ti wà lára ohun tí wọ́n fi ń to ìlú ní Nàìjíríà, inú ètò yẹn sì ni irú àdúgbò tí à ń pè ní GRA, àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀, ti jáde.

Lord Lugard, tó ti jẹ́ Gómìnà-Àgbà Nàìjíríà láyé òyìnbó, kò fi bò. Nínú ìwé rẹ̀ The Dual Mandate, tó jáde ní 1922, ó ka ìdí tó fi yẹ kí àlàfo wà láàrin ilé òyìnbó àti ilé ará ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, 440 yáàdì ni wọ́n fi àlàfo náà sí. Ẹ̀fọn ni ìdí kìíní, torí wọ́n gbà pé ara àwọn ọmọ wa ló ti ń gbé ibà lọ bá òyìnbó. Iná tó lè ràn ni ìkejì. Ìkẹta ni ìlù àti ariwo wa, tí kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìkẹta yìí ló ká mi lára jù. Ìjọba mọ̀ pé ariwo ń jí oorun gbé, ó sì fi ilẹ̀ ra oorun fún àwọn díẹ̀. Nínú àwa dúdú nígbà náà, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń rí ibẹ̀ sùn, ní bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn ilé ńlá.

Àlàfo ilẹ̀ lè dá ìlù dúró, kò lè dá bàálù dúró. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe pápákọ̀ òfuurufú sí Ìkẹjà. Ní 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò tuntun rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ Murtala Muhammed. Iná mànàmáná tún wá dá kún un. NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, kò lè fún ìlú níná tó, nígbà tí wọ́n sì ta pínpín iná fún aládàáni ní 2013, jẹnẹrétọ̀ ò kúrò lẹ́yìnkùlé. Bó ṣe máa ń rí nìyí: iná lọ, fáànù rọra ń yí, ó yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró. Òógùn bo ọrùn, ẹ̀fọn dé etí. Ká tó wí, ẹ̀rọ aládùúgbò ti bú gbàà.

Ẹnìkan lè sọ pé títají lóru kì í ṣe tuntun. Òpìtàn Roger Ekirch kọ ọ́ ní 2001 pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ń sùn lóru. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn olùwádìí tó ṣọ́ oorun àwọn Hadza ní Tàǹsáníà, àwọn San àti àwọn Tsimane ní Bòlífíà rí i pé wọn kì í sábà lajú pẹ́ láàrin òru. Èyí ó wù ó jẹ́, èdè wa mọ ọ̀gànjọ́ yàtọ̀ sí ìdájí, àwọn ọdẹ sì ń jí lóru. Títají kọ́ ni mò ń bá wí. Àìlè padà sùn ni, ooru àti ariwo ló sì ń dí ọ̀nà. Ìrònú ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń pa oorun. Àmọ́ lójú tèmi, ìlẹ̀kùn tí ariwo ti ṣí sílẹ̀ ló sábà ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì ní olówó GRA ti ra jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo, kó bi mẹ́gáàdì tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

Ti òṣìṣẹ́ alẹ́ tún yàtọ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ alẹ́ sì bá a dé. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni òṣìṣẹ́ alẹ́ ń já sí òpópónà Ọba Akran, tó ń wá ọkọ̀ Agége. Ọ̀sán ni òru tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọn yáàdì kan sílẹ̀ fún oorun ọ̀sán rí.