ÀYẸ̀WÒ JẸJẸRẸ Ẹ̀DỌ̀

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àrùn ayọ́kẹ́lẹ́-pani tí í fara pamọ́ sábẹ́ ìhà ọ̀tún títí yóò fi ta gbòǹgbò, kì í ṣe ohun tí oníṣègùn ń fi ojú lásán dá mọ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti bi aláìsàn léèrè nípa kòkòrò àrùn hepatitis B àti C àti ọtí mímu, tí ó sì ti fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò bóyá ẹ̀dọ̀ ti wú, yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti wá èròjà alpha-fetoprotein, èyí tí Yuri Tatarinov, ará ilẹ̀ Soviet, rí lára àwọn tí àrùn náà ń ṣe ní 1964. Èròjà yìí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí oyún pàápàá a máa gbé e sókè.

Ẹ̀rọ ultrasound ni a kọ́kọ́ fi ń wo ẹ̀dọ̀. Bí kókó bá hàn, a ó lo ẹ̀rọ CT tàbí MRI pẹ̀lú oògùn tí a fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀: kókó jẹjẹrẹ a máa tètè mọ́lẹ̀ ju ẹran ẹ̀dọ̀ yòókù lọ, a sì tún máa tètè ṣókùnkùn. Bí iyè méjì bá ṣì wà, abẹ́rẹ́ ni a ó fi mú díẹ̀ nínú kókó náà láti fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Nítorí náà, ó tọ́ kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, tí ó sì ti kún fún àpá, máa ṣe àyẹ̀wò ultrasound ní oṣù 6 sí oṣù 6.