Ibi Tí Apá Kò Ti Ká Irin Mọ́: Ìtàn Òṣùwọ̀n Kan Tó Ti Ilé Ìwòsàn Wá

Kò sí jíìmù tí èèyàn máa wọ̀ lónìí, ì báà jẹ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ̀ẹ̀lì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí èyí tó wà nígboro, tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ó ku ẹyọ kan! Má sọ ọ́ kalẹ̀!" Ọwọ́ ẹni tó ń gbé irin ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti pọ́n, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró tì í kò gbà kó sinmi. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ariwo yìí ni pé iṣan kì í dàgbà àfi bí èèyàn bá gbé irin títí apá kò fi ní ká a mọ́, títí irin náà yóò fi kọ̀ láti gòkè bó ti wù kéèyàn tiraka tó. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gba èyí gẹ́gẹ́ bí òfin. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọjọ́ orí, ó sì ní àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ̀ lè ya èèyàn lẹ́nu: ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ló ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn akọni.

Èrò pé kéèyàn máa fi ẹrù kún ẹrù ti wà tipẹ́. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ máa ń sọ ìtàn Milo ará Croton, ajìjàkadì tí wọ́n ní ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ títí màlúù náà fi dàgbà. Ní ọdún 1901, Eugen Sandow, ọmọ Jámánì tó di gbajúmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìdíje ẹwà ara ńlá kan ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall. Síbẹ̀, irin ọwọ́ kékeré ló ní kí aráàlú máa lò. Ọdún kejì rẹ̀, 1902, ni Alan Calvert dá iléeṣẹ́ Milo Bar-bell sílẹ̀ ní Philadelphia, tó ń ta irin tí èèyàn lè fi kún ìwọ̀n rẹ̀ bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i. Irin wá wà, èrò sì wà. Ohun tí kò tíì sí ni òṣùwọ̀n: báwo ni ẹnì kan ṣe máa mọ ìwọ̀n tó tọ́ sí òun gan-an?

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú ìdáhùn wá. Nígbà tí ogun náà ń parí lọ, ilé ìwòsàn ológun Gardiner ní Chicago kún fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí orúnkún àti itan wọn ti bàjẹ́. Ìtọ́jú tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni kí aláìsàn máa gbé ohun fúyẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ó sì máa ń gba àkókò gígùn kí ẹsẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Dókítà ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Thomas DeLorme. Ibà làkúrègbé ti dá òun náà dùbúlẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, irin gbígbé ló sì fi gba agbára rẹ̀ padà. Ó rò pé ohun tó ran òun lọ́wọ́ lè ran àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tó dá kò le. Ó ní kí wọ́n wá ìwọ̀n irin tí aláìsàn lè gbé nígbà mẹ́wàá gbáko, tí kò ní lè gbé lẹ́ẹ̀kọkànlá. Ìwọ̀n yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí agbára bá ti pọ̀ sí i, wọ́n á fi irin kún un. Ọdún 1945 ló tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà egungun.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú DeLorme, ibi tí apá kò ti ká irin mọ́ jẹ́ àmì tó ń fi ìwọ̀n hàn, bí ìlà tó wà lára ìgò oògùn. Ẹ̀ẹ̀kọkànlá tí kò ṣeé gbé ló ń sọ fún dókítà pé ìwọ̀n yìí tọ́ sí ọkùnrin yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí òun àti Arthur Watkins tún ètò náà tò ní ọdún 1948, ńṣe ni wọ́n dín iṣẹ́ kù. Sẹ́ẹ̀tì méje sí mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì òṣùwọ̀n, èkejì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹta nìkan ló sì pé ṣánṣán. Wọ́n tún yọ ọ̀rọ̀ "wúwo" kúrò lára orúkọ ètò náà, wọ́n sì fi "títẹ̀ síwájú" rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Láti ọdún 1957 ni Elwood Henneman ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé kì í ṣe gbogbo okùn iṣan ni ara ń ké sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kékeré tí kì í tètè rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Àwọn ńlá tó lágbára jù kì í jáde àfi bí iṣẹ́ bá le. Ó dà bí ẹni tó ń ro oko: bí oko bá kéré, àwọn ọmọ ilé nìkan ló máa ro ó, bó bá ju agbára wọn lọ ló tó bẹ ọ̀wẹ̀. Torí náà, bí iṣan bá ṣe ń rẹ̀ sí i ni àwọn òṣìṣẹ́ ńlá ń wọlé sí i. Òótọ́ wà nídìí ariwo jíìmù. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: ọ̀wẹ̀ ti máa ń dé oko kí agbára tó tán pátápátá.

Ẹni tó gba òṣùwọ̀n yìí, tó sọ ọ́ di ẹ̀sìn, ni Arthur Jones. Ọkùnrin yìí ti ṣòwò ẹranko igbó, ó sì ti ya fíìmù nípa wọn, kó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbi ìdíje Mr. America ní Los Angeles lọ́dún 1970. Nautilus ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Nígbà yẹn, wákàtí lórí wákàtí ni àwọn gbajúmọ̀ fi ń gbé irin. Jones ní ìrànù ni: sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó, bí èèyàn bá ti gbé e débi tí apá kò fi ká a mọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado láti fi èyí hàn. Casey Viator, tó ti gba Mr. America ní 1971, ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, Jones kéde pé Viator ti fi iṣan tó wúwo tó pọ́n-ùn 63 kún ara rẹ̀. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fi sínú ìtàn ni pé ìjàǹbá níbi iṣẹ́ àti abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kọ̀ ti mú kí Viator rù gidigidi ṣáájú àkókò náà. Apá tó pọ̀ nínú ohun tó jèrè jẹ́ ara tó ti ní tẹ́lẹ̀, tó padà wá. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà gan-an ló sì ṣètò ìdánwò rẹ̀.

Mike Mentzer gba ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ Jones, ó sì gba máàkì pípé níbi Mr. Universe ọdún 1978. Dorian Yates tẹ̀ lé e láti jíìmù kékeré kan ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, láti 1992 títí dé 1997. Àwọn èèyàn ka ife-ẹ̀yẹ wọ̀nyẹn. Díẹ̀ ló ka iṣan apá Yates tó ya ní 1994, àti òmíràn tó ya ní 1997, èyí tó fi òpin sí ìdíje rẹ̀.

Ní Birmingham yẹn kan náà, níbi Ìdíje Commonwealth ọdún 2022, àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì fi irú ọgbọ́n mìíràn hàn wá. Adijat Olarinoye gbé àpapọ̀ kílò 203, Rafiatu Folashade Lawal gbé 206, àwọn méjèèjì sì gba góòlù. Nínú eré ìdárayá tiwọn, ìgbìyànjú mẹ́ta ni oníkálukú ní lórí ọ̀nà gbígbé kọ̀ọ̀kan, irin tó bá já bọ́ kò sì ní máàkì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ yege níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbé e yọrí, torí kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a.

Ní ọdún 2006, Mikel Izquierdo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì fi ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n. Àwùjọ kan gbé irin títí apá kò fi ká a mọ́. Àwùjọ kejì ṣe iye iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n pín in sí sẹ́ẹ̀tì kéékèèké, wọ́n sì ń dúró kí agbára tó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, agbára àwùjọ méjèèjì pọ̀ sí i bákan náà. Ibi tí àwùjọ àkọ́kọ́ ti yọrí jù ni kí àyà àti apá pẹ́ kó tó rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àǹfààní náà kéré nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ti fara gbá a. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà gbé irin lé èjìká, kí wọ́n lóṣòó kí wọ́n sì dìde nígbà 100, pẹ̀lú ìdajì ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí oníkálukú lè gbé. Wọ́n tún ń ka àkókò fún wọn. Àwọn 13 ló dèrò ilé ìwòsàn. Iṣan wọn ti ń fọ́, ohun inú rẹ̀ sì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, níbi tó ti lè ba kíndìnrín jẹ́. Rhabdomyolysis ni àwọn dókítà ń pè é. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ewu náà pọ̀ jù fún àwọn tó sọ pé àwọn gbé e débi tí iṣan àwọn fi kọ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn le, wọ́n sì ní kóòṣì. Àṣejù kò mọ ìyẹn.

Ẹni tó bá rí i pé ìtọ̀ òun dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn irin gbígbé, kó má sùn lé e lórí. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Ní ti àwa yòókù, kò burú kéèyàn wá ibi tí apá òun kò ti ní ká irin mọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irin tó fúyẹ́ àti ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí DeLorme ṣe wá a nìyẹn: kó lè mọ ìwọ̀n. Lẹ́yìn tó bá ti mọ̀ ọ́n, yóò kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, yóò sì jẹ́ kí ọmọ ogun náà sinmi, nítorí ohun tí àwọn méjèèjì ń wá ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé ìwòsàn.